Ìwé Ẹ̀rí Ìdáná àti Ìkòkò Ńlá: Níbi Tí Iṣẹ́ Wà fún Ọ̀dọ́ Alásè ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Oúnjẹ sísè fún títà kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí pé ilẹ̀ tí ọ̀nà ọjà láti etí ọ̀sà ní Ìkòròdú sí Ìbàdàn ti ń gba àárín rẹ̀ kọjá láti ayé àwọn baba ńlá kò lè ṣe kí ó má ní àwọn tí ń bọ́ èrò, alágbàrù àti oníṣòwò obì. Ohun tí ó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé kí ọmọ Àkàkà, ọmọ Ìṣarà tàbí ọmọ Òde Rẹ́mọ lọ jókòó ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́rin láti kọ́ ìmọ̀ ìdáná, kí ó gba ìwé ẹ̀rí, kí ó sì wá máa gbé ìwé náà kiri láti òtẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn, tí wọn yóò máa sọ fún un pé kò sí àyè. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé iṣẹ́ ìdáná tí ó wà ní Rẹ́mọ àti agbègbè rẹ̀ pọ̀ ju bí àwọn tí ń wá a ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ilé ẹ̀kọ́ kọ́ wọn láti máa wò ni ó wà. Ìdí ìkòkò ńlá ni ó wà, níbi tí a ti ń bọ́ ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún ènìyàn lóòjọ́, ní ilé ìwé, ní ilé ìwòsàn, ní ilé iṣẹ́ àti ní òde ìnáwó.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ oríṣi ìwé ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, nítorí pé ọ̀kan kò jọ èkejì lójú agbanisíṣẹ́. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún ètò ẹ̀kọ́ àwọn kíláàsì àgbà ní ilé ìwé girama, iṣẹ́ kétárìn, èyíinì ni oúnjẹ sísè àti pípín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ti di ọ̀kan lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn kí ó sì fi ṣe ìdánwò WAEC. NABTEB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti máa ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lókè èyí ni ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí gbogbo ènìyàn ń pè ní poli, níbi tí ìwé ẹ̀rí ND ti ń gba ọdún méjì, tí HND sì ń gba ọdún méjì mìíràn, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fi nǹkan bí ọdún kan ṣiṣẹ́ níta láàárín méjèèjì. Yabatech ní Èkó, tí ó ti wà láti 1947, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Moshood Abiola Polytechnic ní Abẹ́òkúta, Federal Polytechnic ní Ìlaròó, àti Wavecrest ní Surulérè, ilé ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ dáadáa fún títọ́ àwọn ọmọbìnrin sọ́nà nínú iṣẹ́ àlejò ṣíṣe. NBTE, àjọ tí ó wà ní Kàdúná láti 1977, ni ń ṣe òdiwọ̀n ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni wà, tí àwọn kan nínú wọn ń kọ́ni fún oṣù díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, tí owó wọn sì wọ́n. Àwọn tí ó dára wà nínú wọn, àwọn tí kò ní ju fọ́tò ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lọ láti fi hàn náà sì wà.

Ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ètò yìí ni agbanisíṣẹ́ ń bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè tọkàntọkàn: níbo ni ó ti ṣe SIWES? SIWES ni ètò tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kúrò nínú ìwé fún oṣù mélòó kan kí ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ lójú iṣẹ́. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ń fi àkókò iyebíye yìí ṣòfò, tí wọn yóò wá ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò le, tí ọ̀gá yóò fọwọ́ sí ìwé fún wọn láì jẹ́ pé wọ́n dé ìdí ààrò. Ẹni tí ó lo àkókò náà bẹ́ẹ̀ ti sọ àǹfààní tí kò ní padà nù, nítorí pé ìgbà tí a kò tíì máa retí owó lọ́wọ́ ènìyàn gan-an ni àwọn ọ̀gá alásè máa ń fi àṣírí iṣẹ́ hàn án.

Òtẹ́ẹ̀lì ni ó máa ń wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin, nítorí pé inú òtẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ Yúróòpù ni ètò ẹ̀kọ́ ìdáná tí a ń lò ní Nàìjíríà ti wá. Auguste Escoffier, alásè ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé ayé láti 1846 sí 1935, ni ó to ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ní ipò-ipò nígbà tí ó wà ní Savoy ní Lọ́ńdọ̀nù: ọ̀gá àgbà wà lókè, igbákejì rẹ̀ tẹ̀ lé e, olórí abala kọ̀ọ̀kan tún tẹ̀ lé wọn, ẹnì kan fún ọbẹ̀, ẹnì kan fún ẹja, ẹnì kan fún àkàrà òyìnbó, kí ó tó wá kan àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní commis, àti àwọn tí ń fọ abọ́ nísàlẹ̀ pátápátá. Ètò yìí ni Federal Palace ní Èkó (1960), Premier Hotel ní Ìbàdàn (1966) àti Eko Hotel (1977) bá bọ̀ sí Nàìjíríà, ó sì bá a mu níbẹ̀, nítorí pé yàrá wọn pọ̀, àlejò wọn sì ń wá láti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní Ṣágámù, Ògèrè, Ìpẹru tàbí Ìṣarà kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé ìdáná wọn, láti orí ata lílọ̀ dé orí abọ́ fífọ̀, wọn kì í sì í tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ogún ọ̀dọ́ bá ń kan ilẹ̀kùn ibi tí àyè ẹnì kan ṣoṣo ṣí sílẹ̀, kì í ṣe pé iṣẹ́ kò sí ní ìlú. Ojú kan náà ni gbogbo wọn dúró sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jẹun lójoojúmọ́ ní Rẹ́mọ yàtọ̀ sí èyí. Babcock University wà ní Ìlíṣàn, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ Adventist dá sílẹ̀ ní 1959 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí ó sì di yunifásítì ní 1999. Inú ọgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbé, gbọ̀ngàn oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ti ń jẹun, lábẹ́ ìlànà ìjọ náà lórí oúnjẹ, èyí tí ó fi ẹ̀wà, sóyà, èso àti ẹ̀fọ́ ṣáájú ẹran. Ẹni tí yóò bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ lọ́nà yìí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, láì jẹ́ kí oúnjẹ sú wọn, kí ara wọn sì tún rí ohun tí ó nílò, ní láti mọ̀ ju ọbẹ̀ sísè lọ. Ó ní láti mọ bí ẹ̀wà àti ọkà ṣe ń dí àìtó ara wọn nínú oúnjẹ, bí a ṣe ń ṣètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọ̀kan má baà máa tún ara rẹ̀ ṣe, àti bí a ṣe ń ka iye àwo tí ó padà pẹ̀lú oúnjẹ nínú, kí a lè mọ ohun tí wọn kò fẹ́. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí wà nínú ìwé tí ọmọ poli kà. Àwọn tí kò kà á kò mọ̀ ọ́n, bí ọwọ́ wọn ti wù kí ó dùn tó nídìí ìkòkò.

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Olabisi Onabanjo University, tí ó wà ní Ṣágámù láti 1986, tún jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Oúnjẹ aláìsàn jẹ́ apá kan ìtọ́jú rẹ̀. Oníṣègùn oúnjẹ ni yóò sọ iye iyọ̀ tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè jẹ, irú oúnjẹ tí kò ní gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ sókè, tàbí bí oúnjẹ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ tó, alásè ni yóò sì sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà di ohun tí aláìsàn lè gbé mì. Iṣẹ́ yìí kò ní ariwo, àwọn ọ̀dọ́ kì í sì í ya fọ́tò rẹ̀, síbẹ̀ ó wà lára iṣẹ́ ìdáná tí ó níyì jù lọ, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní Ṣágámù lè ṣe é ní ilé ìwòsàn yòówù káàkiri ayé.

Lẹ́yìn ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ni àwọn ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà ní Ṣágámù láti nǹkan bí ìparí ọdún 1970 sí 1979, Nestlé ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Flowergate, lẹ́bàá Ṣágámù, ní 2011, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti tẹ̀ lé wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ ńlá kì í sábà gba alásè fúnra rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe oúnjẹ ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ náà fún, ìdí nìyí tí ọ̀dọ́ tí ó bá lọ fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kò fi ní rí èsì. Orúkọ agbaṣẹ́ṣe ni kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń jẹ oúnjẹ náà. Ohun tí agbaṣẹ́ṣe ń wá kò sì le: ẹni tí yóò dé ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀ láì pẹ́, tí ó mọ ìṣirò, tí kò ní jí èlò, tí ó sì lè mú kí oúnjẹ òní ní adùn kan náà pẹ̀lú ti àná. Irú agbaṣẹ́ṣe bẹ́ẹ̀ tún wà fún bàálù ní Ìkẹjà àti fún àwọn ibi ìwapo lórí òkun, níbi tí alásè ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní títẹ̀léra kí ó tó wálé sinmi, lẹ́yìn tí ó bá ti gba ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń dóòlà ẹ̀mí lójú omi. Owó ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ni wọ́n ń mú.

A kò lè sọ̀rọ̀ ìkòkò ńlá láì dárúkọ Ògèrè, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí àwọn awakọ̀ láti ìhà gbogbo Nàìjíríà sì ń jẹun lọ́sàn-án àti lóru. Àwọn ìyá tí wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìdáná kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye ìrẹsì tí yóò tán lọ́jọ́ Ajé àti èyí tí yóò tán lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n mọ ẹni tí a lè tà fún láwìn, wọ́n sì mọ ìgbà tí owó tòmátò yóò wọ́n kí ó tó wọ́n. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá lè fi ìgbéraga sílẹ̀ kí ó lọ bá ọ̀kan nínú wọn ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta yóò kọ́ ètò owó tí kò sí olùkọ́ tí ó lè fi pátákó kọ́ ọ.

Ní ti òde ìnáwó, ó wà lára àwọn agbanisíṣẹ́ tí ó tóbi ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Kò sí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní Rẹ́mọ tí kò sí ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó tàbí ìwúyè, alásè tí ó lórúkọ sì lè ní òde mẹ́ta lọ́jọ́ kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé yóò nílò àwọn tí yóò gé ata, tí yóò din ẹran, tí yóò ro àmàlà, tí yóò pín oúnjẹ, tí yóò sì ṣọ́ ẹran kí ó má baà dínkù lójú ọ̀nà. Owó ọjọ́ ni wọ́n ń san. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ní HND ka iṣẹ́ yìí sí ìtìjú, pé àwọn kò lè lọ máa dáná lábẹ́ ìbòòrùn pẹ̀lú àwọn tí kò kàwé. Àṣìṣe ńlá ni èyí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìwé wọn ti wúlò jù. Bí a bá wọn gíráàmù 125 ìrẹsì tútù fún ẹnì kan, àpò kílò 50 kan yóò bọ́ 400 ènìyàn; ẹni tí ó lè jókòó pẹ̀lú olóde kí ó fi ìṣirò bẹ́ẹ̀ hàn án, pẹ̀lú ti òróró, ti ẹran àti ti gáàsì, yóò gba ọkàn rẹ̀ ju ẹni tí ń sọ pé kí ó ra àpò mẹ́rin kí ojú má baà tì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tún wà níbẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus máa ń wà lára ìrẹsì, irúgbìn rẹ̀ kì í sì í kú nígbà tí a bá sè é. Bí ìrẹsì bá wà nínú kúlà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ooru rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ 60°C, irúgbìn náà yóò hù, yóò sì pèsè oró tí gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kò lè pa. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń bì lálẹ́ lẹ́yìn òde, tí wọ́n sì ń fẹ̀sùn kan ayé. Alásè tí ó kàwé mọ̀ pé oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ wà lókè 60°C, oúnjẹ tútù sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 5°C, ó sì mọ HACCP, ìlànà tí ilé iṣẹ́ Pillsbury àti àjọ NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní àárín 1960 sí 1969 nígbà tí wọ́n ń wá oúnjẹ tí kò ní ṣe àwọn arìnrìn-àjò òfúrufú ní jàm̀bá: kí a wo gbogbo ipele iṣẹ́ láti ọjà dé àwo, kí a mọ ibi tí ewu ti lè wọlé, kí a sì dí ibẹ̀ ṣáájú. Òṣùwọ̀n ooru kékeré kan tí a ń kì bọ inú oúnjẹ ti tó fún ọ̀dọ́ kan láti fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín àwọn alásè ìlú rẹ̀.

Ìjọba náà ti jẹ́ agbanisíṣẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ó ṣáájú pẹ̀lú ètò oúnjẹ ilé ìwé rẹ̀, tí wọ́n fún ní orúkọ O'Meals ní 2012, kí ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016 fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n gbà láti máa se oúnjẹ náà, ₦70 sì ni wọ́n yàn fún ọmọ kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Èrò náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ètò tí ó lè dúró lójijì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá a dúró láti ṣe ìwádìí, kò yẹ ní ohun tí ọ̀dọ́ yóò gbé gbogbo ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ lé.

Báwo ni ènìyàn ṣe wá ń wọlé sí àwọn ibi wọ̀nyí? Lẹ́tà nìkan kì í ṣiṣẹ́. Ní ilé ìdáná, ìdánwò ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe: wọn yóò ní kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ gé àlùbọ́sà, kí ó din ẹyin, kí ó se ìrẹsì, wọn yóò sì máa wò bóyá ó fọ ọwọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó nu orí tábìlì bí ó ti ń ṣiṣẹ́, bóyá ó ju ohun tí ó ṣì wúlò nù. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti mọ èsì ìdánwò náà kí oúnjẹ tó jinná. Kí ọ̀dọ́ tó lọ, ó yẹ kí ó ti ṣe àyẹ̀wò ara tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń fọwọ́ kan oúnjẹ, kí ó ní ọ̀bẹ tirẹ̀ tí ó mú, kí ó sì ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ òdiwọ̀n oúnjẹ àti iye owó rẹ̀ sí. Ìwé yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ, torí pé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ káàkiri ayé ń gbìyànjú kí owó èlò má ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ náà lọ, ẹni tí ó bá sì lè sọ iye tí èlò abọ́ kan ná an ní òwúrọ̀ yìí, pẹ̀lú owó ọjà Ṣágámù, kò ní pẹ́ nípò ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò ṣeé fò dá. Owó oṣù tí ó kéré jù ní Nàìjíríà di ₦70,000 ní oṣù keje 2024, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì kéde ₦77,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún náà, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ aládàáni tí ń san iye tí ó kéré sí èyí kò ṣọ̀wọ́n, iṣẹ́ náà sì ń gba wákàtí mẹ́wàá tàbí méjìlá lójúmọ́. Ìwà ìrẹ́jẹ ni, kò sì yẹ kí a máa pè é ní sùúrù. Ẹni tí ó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wá kọ́ níbẹ̀ àti ìgbà tí yóò kúrò, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ṣe ń mọ ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti wọlé.

Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kò fún ọmọ Rẹ́mọ ni oúnjẹ Rẹ́mọ fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ọbẹ̀ márùn-ún tí Escoffier pè ní ìpìlẹ̀, kí ó má mọ ìgbà tí ewùrà rírin tí wọ́n fi ń se ìkọ́kọrẹ́ ti dì tó láti fọwọ́ kàn. Ìkọ́kọrẹ́ fẹ́ sùúrù: ewùrà tí a rin ni a ó máa ṣẹ́ ní gbíǹgbíǹ sínú ọbẹ̀ ata, epo àti ẹja tí ó ti ń hó, a kò sì gbọ́dọ̀ rò ó títí àwọn gbíǹgbíǹ náà yóò fi dì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ yóò di àṣáró. Ẹ̀bìrìpò, tí a fi kókò rírin ṣe, tí a pọ́n sínú ewé tí a sì sè títí ó fi dì, tún nira jù láti rí lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ oúnjẹ tí ọmọ Rẹ́mọ kan kì í gbàgbé adùn rẹ̀. Ayamáṣe, ọbẹ̀ ata aláwọ̀ ewé tí a mọ̀ mọ́ Ìkẹ́nnẹ́, ti di oúnjẹ gbogbo Nàìjíríà pẹ̀lú ìrẹsì ọ̀fadà tí ń wá láti ìlú Ọ̀fadà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá Rẹ́mọ pààlà. Ó sì yani lẹ́nu pé àwọn ará Èkó ni ó ń jèrè rẹ̀ jù. Àwọn ìyá tí ó mọ oúnjẹ wọ̀nyí dáadáa ní Àkàkà àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká ti ń dàgbà. Ọ̀dọ́ tí ó kàwé, tí ó sì lọ jókòó tì wọ́n kí ó wọn ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ bù, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó mọ bí a ṣe lè sè é fún igba ènìyàn láì jẹ́ kí ó bàjẹ́, yóò ní ohun kan lọ́wọ́ tí kò sí òtẹ́ẹ̀lì Èkó tí ó lè rí i rà lọ́jà.

Ẹ̀rí wà pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jáde sí gbangba ayé. Ní oṣù kejì 2024, Adéjọkẹ́ Bákàrè, tí ó dàgbà ní Kàdúná, gba ìràwọ̀ Michelin fún ilé oúnjẹ rẹ̀ Chishuru ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìràwọ̀ yìí ni àmì ẹ̀yẹ tí àwọn alásè ń bọ̀wọ̀ fún jù, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó wà ní yunifásítì ní Nàìjíríà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ, ẹ̀kuru sì wà lára ohun tí ó fi gba orúkọ. Michael Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ́ ní tirẹ̀ kàwé ní Culinary Institute of America, ó ṣiṣẹ́ ní Eleven Madison Park ní New York, kí ó tó padà sí Èkó láti dá ÌTÀN Test Kitchen sílẹ̀, níbi tí ó ti ń fi oúnjẹ ilé ṣe iṣẹ́ ọnà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó fi oúnjẹ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú wọn. Hilda Baci náà, tí ó dáná fún wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ní Lẹ́kí ní oṣù karùn-ún 2023, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá ni ó kà ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tí ń ta oúnjẹ ni ó sì ti kọ́ ìdáná. Àwọn tí ó sáré tẹ̀ lé e láti máa dáná fún ọjọ́ púpọ̀ nítorí òkìkí kò wo ọdún tí ó ti lò nídìí iṣẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ní ti ìrìn-àjò sí òkè òkun, òtítọ́ ni ó yẹ kí a sọ fún àwọn ọmọ. Fún ọdún mélòó kan, alásè wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ pè, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2024 wọ́n gbé owó oṣù tí òfin ń béèrè sókè gan-an, nígbà tí ó sì di oṣù keje 2025 wọ́n yọ iṣẹ́ alásè kúrò lára àwọn iṣẹ́ tí a lè fi pe ẹni tuntun wọlé. Agbódegbà tí ó bá ṣì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí ní Rẹ́mọ lónìí pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò fi iṣẹ́ ìdáná mú ọmọ wọn dé Lọ́ńdọ̀nù ń tan wọ́n jẹ. Kí wọ́n fi owó náà ra gáàsì, ìkòkò àti òṣùwọ̀n.

Bí ọ̀dọ́ bá sì fẹ́ dá dúró, kò yẹ kí ó kánjú. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kò pọ̀ jù kí ó tó lọ sí CAC láti forúkọ òwò sílẹ̀, bí ó bá sì fẹ́ máa di oúnjẹ sínú ike tàbí ìgò kí àwọn ilé ìtajà máa tà á, NAFDAC, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, tí ó ti wà láti 1993, ni yóò béèrè ibi tí ó ti ń sè é, omi tí ó ń lò àti ọjọ́ tí oúnjẹ náà yóò bàjẹ́. Ata ayamáṣe tí a sè sínú ìgò, tí ó lè dúró fún oṣù mélòó kan, jẹ́ irú ohun tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ti Àkàkà lè ṣe dáadáa tí ó bá ní sùúrù fún àwọn ìwé wọ̀nyí.

Àwọn aláṣẹ náà ní ipa tiwọn. Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ, tí Àkàkà wà lábẹ́ rẹ̀, lè béèrè pé kí ẹni tí yóò se oúnjẹ ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ SIWES méjì, ó kéré tán, láti agbègbè náà, kí ó sì san nǹkan fún wọn; kò ní ná an ní owó púpọ̀. Pápákọ̀ òfúrufú Gateway sì ti wà ní agbègbè Ìpẹru àti Ìlíṣàn báyìí. Bí bàálù bá ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ẹnì kan ni yóò máa se oúnjẹ fún àwọn èrò àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àwọn tí yóò gbé iṣẹ́ náà fúnni yóò sì béèrè àkọsílẹ̀ ooru oúnjẹ, ìwé àyẹ̀wò ara àwọn òṣìṣẹ́, orúkọ ibi tí wọ́n ti ra ẹran, àti ẹ̀rí pé ẹni náà ti bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rí fún ọdún mélòó kan láì sí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ṣe ní jàm̀bá. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kó jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti òde ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ ni ọ̀dọ́ tí ó ní òṣùwọ̀n ooru àti ìwé kékeré lọ́wọ́ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.